Wọ́n ń sanwó láti fi òru wá iwin kiri: Bí a bá gbé irú rẹ̀ dé Adó-Èkìtì ńkọ́?

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní ìlú York, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, tó dé fìlà gíga, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí àwọn èèyàn sì pé lé e lórí. Owó ni wọ́n san. Kì í ṣe sinimá ni wọ́n fẹ́ wò, kì í sì í ṣe òde àríyá ni wọ́n ń lọ. Ọkùnrin yìí yóò kó wọn sẹ́yìn, wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ìdí ilé àtijọ́ kan dé ìdí èkejì, yóò sì máa sọ irú iwin tí wọ́n ní àwọn èèyàn ti rí níbẹ̀ fún wọn. Bí wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kọjá, kálukú á gba ibi tó ń sùn sí lọ. Ẹ̀rù á ti bà wọ́n díẹ̀, ẹ̀rín á sì ti pa wọ́n díẹ̀.

Iṣẹ́ tí àwọn kan fi ń jẹun ni. Láti ọdún 1973 ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti wà ní York. Ó wà ní Edinburgh ní orílẹ̀-èdè Scotland, ó wà ní London, ó sì wà ní New Orleans, Savannah àti Charleston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn ìlú wọ̀nyí rí ni pé àlejò tó bá wá wo ilé àtijọ́ lọ́sàn-án lè ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá wà tí yóò wò lálẹ́, yóò jẹun alẹ́ ní ìlú náà, yóò sì sùn síbẹ̀. Owó yóò wọ àpò onílé ìtura, yóò wọ àpò olóúnjẹ, yóò sì kan onímọ́tò náà.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn ìtàn York ni ti Harry Martindale. Ní ọdún 1953, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Treasurer's House nígbà tí òun gbọ́ ìró fèrè, tí àwọn ọmọ ogun Róòmù sì ń jáde láti inú ògiri. Ó ní òun kò rí ẹsẹ̀ wọn láti orúnkún sí ìsàlẹ̀, àfi níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dé ojú ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù là. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó fi sílẹ̀. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé ojú ọ̀nà Róòmù wà lábẹ́ ilé náà lóòótọ́. Nítorí ìtàn iwin yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní ka ìwé ìtàn láéláé ló ti mọ̀ pé ọmọ ogun Róòmù gbé ìlú York rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Edinburgh. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary King's Close. Àjàkálẹ̀ àrùn pa àwọn èèyàn níbẹ̀ ní ọdún 1645, nígbà tó sì di ọdún 1753, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńlá kan lé àdúgbò náà lórí. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láti wá iwin, ìtàn àwọn tálákà tí àrùn pa ni yóò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì. Ní New Orleans, ilé kan wà ní òpópónà Royal tí àwọn amọ̀nà kì í fò. Ilé Delphine LaLaurie ni. Nígbà tí iná sọ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1834, àwọn tó sáré wá pa iná bá àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì dè, tí wọ́n sì ti fi ìyà jẹ gidigidi. Lóde òní, àwọn àlejò a máa dúró níwájú ilé náà lálẹ́, àwọn mìíràn tòun ti ife ọtí lọ́wọ́. Onímọ̀ ìtàn kan ní Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tiya Miles, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2015. Ohun tó ń dùn ún ni pé wọ́n ti sọ ìyà tí ẹrú jẹ di eré tí wọ́n fi ń pa owó. Wọn a máa pe ẹrú ní iwin, wọn kì í sì í pè é ní èèyàn.

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn kí a tó béèrè ìbéèrè tó kàn wá. Adó-Èkìtì ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ìlú àtijọ́ ni, àlejò sì ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá ní kí a dá irú ìrìn òru yìí sílẹ̀ níbẹ̀, ṣé yóò ṣeé ṣe? Ta ni a ó sì sọ pé a ń wá?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé òkú kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ Yorùbá. Iwin àwọn òyìnbó jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí, tó kàn ń yọ síni nínú òkùnkùn. Ní tiwa, inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú wọn sí. Ọmọ á máa sùn sínú yàrá tí bàbá rẹ̀ àgbà wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kò sì ní bẹ̀rù. Bí eégún bá jáde, ará ọ̀run ni a ń pè é, a sì ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí à ń bẹ̀rù yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Egbére tó gbé ẹní rẹ̀ dání tó ń sunkún nínú igbó wà lára wọn. Àkúdàáyà náà wà níbẹ̀, ìyẹn ẹni tó kú ní ìlú kan tí wọ́n sì tún rí i ní ìlú mìíràn tó ń ṣòwò, tó tilẹ̀ láya nílé. Wọ́n ní bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá ti fojú kàn án, yóò pòórá.

Ìkejì ni pé òru ní olówó tirẹ̀. Àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ọmọ súfèé lóru, wọn kì í sì í jẹ́ kó dáhùn bí ẹnìkan tí kò mọ̀ bá pè é láti ìta. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bí Orò bá fẹ́ jáde, obìnrin kò gbọdọ̀ sí níta. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó àlejò rìn lóru láìbéèrè lọ́wọ́ onílẹ̀, ìjà ló ń wá.

Ṣùgbọ́n ká ní a gba àṣẹ, ibo ni a ó gbà? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Fájuyì, níbi ọgbà ìrántí Ajagun Adékúnlé Fájuyì. Ọmọ Adó ni, ọdún 1926 ni wọ́n bí i, òun sì ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1966. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún náà, àwọn sójà tó dìtẹ̀ mú òun àti olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, tó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ohun tí àwọn èèyàn wa ń rántí ni pé Fájuyì kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ni pé ìjọba kò kéde ikú náà títí di oṣù kìíní ọdún 1967. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi sí ìsìnkú, kò sì sí ọ̀rọ̀ gidi kan látẹnu ìjọba. Lẹ́yìn ìkéde náà ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ wá sí Adó. Kí ni amọ̀nà ń wá iwin kiri fún nígbà tí irú ìtàn yìí wà nílẹ̀?

Láti ibẹ̀, a ó gba Òkèsà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà Emmanuel wà. Àwọn ọmọ Adó tí ogun kó lẹ́rú lọ, tí wọ́n sì di onígbàgbọ́ lẹ́yìn odi, wà lára àwọn tó mú ẹ̀sìn Krístì wọ ìlú náà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orúkọ Isaac Babamuboni kò ṣeé gbàgbé láàrin wọn. Ẹ rò ó wò. Láyé ogun, ẹni tí wọ́n bá kó lẹ́rú lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa kà á mọ́ òkú. Ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọlé dé, tòun ti aṣọ mìíràn àti ìwé lọ́wọ́, ṣé àkúdàáyà kọ́ ni ojú àwọn ará ilé máa rí?

Bí a bá ti kúrò ní Òkèsà, Ọjà Ọba tí wọ́n tún ń pè ní Erékẹ̀sán ló kàn, nítòsí ààfin Ewí. Ta ni kò gbọ́ ọ rí nígbà èwe pé kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń ná ọjà? Wọ́n á ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó yọjú láàrin ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì, yóò rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀. Ní Adó kan náà ni wọ́n ti ń ṣe ọdún Ùdírókò ní oṣù kẹjọ, ọdún tó gba orúkọ lára igi ìrókò tí àwọn baba ńlá péjọ sí ìdí rẹ̀. Igi tí àwọn ọmọdé ń sá fún lálẹ́ nítorí olúwéré ni àwọn ará Adó fi ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wọn.

Ibi tí a ó parí rẹ̀ sí ni ìtàn àpáta Ọlọ́tà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Ewí Awamaro dé, ó bá àwọn Ùlésùn nílẹ̀ ní agbègbè àpáta náà, Elésùn sì ni olórí wọn. Ewí ṣẹ́gun wọn, ìlú sì di Adó. Bí iwin kan bá wà ní ìlú yìí tó yẹ kí a dúró kí, àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni.

Kì í ṣe Adó nìkan ni irú ibi bẹ́ẹ̀ wà. Bí a bá gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, a ó dé itòsí pápá ogun Kírìjì, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Ìró àgbá ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, àmọ́ ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Àwọn tó kú sínú igbó yẹn kò níye, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ wọn mọ́.

Kókó ọ̀rọ̀ wa rèé. Nínú gbogbo ibi tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ pé ẹ̀rù iwin ló yẹ kó gbé àlejò débẹ̀. Àwọn tí a kò sin dáadáa, tàbí tí a kò sọ ìtàn wọn tán, ni à ń lọ kí. Bí a bá kó ìtàn wọn jọ kìkì kí àlejò lè pariwo kó sì rẹ́rìn-ín, ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Miles ń bá àwọn ará New Orleans jà sí ni àwa náà yóò ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ tòun ti orúkọ àti ọdún, ọmọ Adó fúnra rẹ̀ yóò kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Èkó ti fi irú rẹ̀ hàn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street, níbi tí ìjọba òyìnbó ti ń yẹgi fún èèyàn, ti di Freedom Park láti ọdún 2010. Àwọn èèyàn ń gbọ́ orin níbẹ̀ lálẹ́, wọ́n sì ń rí àmì ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà. Wọn kò pa ìtàn ibẹ̀ rẹ́, wọn kò sì fi í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ní Adó, ohun tí yóò kọ́kọ́ díni lọ́wọ́ kì í ṣe iwin. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní agbègbè Ẹmùré lọ́jọ́ kan náà. Ojúmọmọ ni, kì í ṣe òru. Àwọn ọmọ náà padà wálé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ọjọ́ yẹn dá sílẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn òbí. Láyé àtijọ́, àgbà máa ń ní kí a sá fún òru nítorí ẹni tí a kò lè rí. Lónìí, alààyè ẹ̀dá tó gbé ìbọn ni à ń sá fún.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá ìrìn yìí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ààfin, kó lọ bá àwọn ìjòyè àdúgbò, kó sì bá ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn sọ̀rọ̀. Kí ó yẹra fún ọjọ́ orò àti igbó tí a kì í wọ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje alẹ́, kó sì parí kí àwọn ará àdúgbò tó sùn. Kí iná wà lójú títì. Kí ó wá àwọn ìyá àti bàbá tí ìtàn wà lẹ́nu wọn, kí ó sanwó fún wọn, kí ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí ilé àgbà bá jó, a kì í rí ẹni tún ìtàn inú rẹ̀ kọ́.

Bí ìjọba bá tan iná sí títì, tí ọmọ Adó sì lè fẹsẹ̀ rìn láti Fájuyì dé Ọjà Ọba lálẹ́ láìwẹ̀yìn, yálà àlejò wá tàbí kò wá, èrè tiwa ti dé ná.