Ìdààmú Ọkàn àti Odi Ìfun

Ẹ̀yin ará, bí inú bá ń run ènìà ní àkókò ìpọ́njú, àwọn kan a wí pé, "Èrò lásán ni." Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ inú ìfun jẹ́ ìpele kan ṣoṣo ti sẹ́ẹ̀lì, tí nwọ́n fara mọ́ra bí igi ọgbà tí a dì pọ̀: oúnjẹ tí ó ti dà ń kọjá, kòkòrò kò gbọdọ̀ kọjá. Nígbà tí àníyàn bá dé, ara a tú oje kan jáde tí ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì olùṣọ́ inú ìfun jí. Ohun tí àwọn náà tú jáde ni ó ń dẹ okùn ọgbà náà.

Li ọdún 2014, àwọn oníṣègùn Leuven ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m ròyìn pé nwọ́n mú kí àwọn tí ara wọn le sọ̀rọ̀ ní gbangba, nwọ́n sì fi ṣúgà inú ìtọ̀ wọn dán ìfun wọn wò. Kìkì nínú àwọn tí oje ìdààmú ga sí i ni ìfun ti jò. Àwa tí a dúró níwájú yín kò fi èyí rẹ́rìn-ín!

Bí kòkòrò bá kọjá, àwọn ọmọ ogun ara a dìde. Ibẹ̀ a gbóná, a wú, ìjà náà a sì tún dẹ okùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe wí pé àníyàn ni. Kí ó tọ dókítà lọ.