Ìbẹ̀rù Dókítà Eyín àti Wèrèpè Igun Oko

Ẹ̀yin aládùúgbò mi, ẹni tó bá ti dáko rí mọ wèrèpè. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, a kàn máa ń fà á tu ni, kò ní ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ń sá fún un, tó pa igun oko náà tì, wèrèpè á so, èso rẹ̀ á gbẹ, irun ara èso náà á sì máa fò kiri bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́. Lọ́jọ́ tó bá wá di dandan kó wọ ibẹ̀, ara á yún un títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́dún tó ń bọ̀, sísá tó máa sá fún igun yẹn á tún ju ti èṣí lọ.

Báyìí gan-an ni ìbẹ̀rù dókítà eyín ṣe ń ba ẹnu ọmọ jẹ́. Ọmọ ń bẹ̀rù, wọn ò mú un lọ. Ihò bíńtín tó wà lára eyín rẹ̀ ń jìn sí i, nítorí kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ń sọ ṣúgà tó ń lá di omi kíkan tó ń jẹ eyín. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ọmọ ń ké, ilé ò sùn. Ọjọ́ yẹn ló wá kọ́kọ́ fojú kan dókítà eyín, abẹ́rẹ́ àti yíyọ eyín ló sì bá pàdé. Ta ló máa dá a lẹ́bi bó bá ní òun ò ní débẹ̀ mọ́?

Lọ́dún 1982, àwọn olùwádìí méjì, Cuthbert àti Melamed, gbé ìbéèrè 15 jáde tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀rù yìí ṣe pọ̀ tó lára ọmọdé. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì 1 sí 5: ẹni tí ẹ̀rù ò bà rárá á ní 15, ẹni tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì á ní 75. Kì í ṣe nípa ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eyín nìkan ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ń béèrè bóyá ọmọ ń bẹ̀rù láti la ẹnu, kí ẹni tí kò mọ̀ rí fọwọ́ kàn án, tàbí kó rí ẹni tó wọ aṣọ funfun. Ẹ̀rù aṣọ funfun! Àwa la gbìn ín. “Bí o ò bá jẹun, màá pe dókítà kó wá gún ẹ lábẹ́rẹ́.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú ẹ̀. Irúgbìn wèrèpè là ń fọ́n sóko ara wa.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ ti rí dókítà eyín kó tó pé ọdún kan. Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kò ju kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀, kó padà sílé lọ. Bí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀, ọgbọ́n kan wà tí dókítà eyín kan, Addelston, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1959: sọ fún un, fi hàn án, kí o tó ṣe é. Dókítà á di ìka ọmọ mú, á ní, “Búrọ́ọ̀ṣì yìí máa ń rínni.” Á fi í kan èékánná rẹ̀, ó ń yí wìrì wìrì, ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó dé orí eyín.

Igun tó ti di igbó náà ṣì ní ọ̀nà. Norna Hall, tó jẹ́ dókítà eyín ní Scotland nígbà kan rí, máa ń fi ìbòrí irin kékeré dé eyín ọmọdé tó ti lu, láìsí abẹ́rẹ́, láìgbẹ́ nǹkan kan. Kòkòrò inú ihò náà kò ní rí ṣúgà jẹ mọ́. Oògùn olómi kan tó ní fàdákà àti fluoride nínú wà pẹ̀lú, tí wọ́n kàn máa ń kùn sí ojú ihò. Ibẹ̀ á dúdú, ṣùgbọ́n jíjẹrà eyín sábà máa ń dáwọ́ dúró.

Ẹ má sọ pé eyín ọmọdé á ṣáà yẹ̀. Àwọn ti ẹ̀yìn kì í yẹ̀ títí ọmọ á fi pé bí ọdún 9 sí 12. Ní nǹkan bí ọdún 6, eyín àgbà kan á yọ lẹ́yìn wọn láìjẹ́ pé ọ̀kankan yẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá á sì kà á mọ́ eyín ọmọdé. Bí ìyẹn bá jẹrà, òmíràn kò ní hù.

Nítorí náà, ọjọ́ tí kò sí ibi tó ń dun ọmọ ni kí ẹ mú un lọ. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó ní ẹ̀ka eyín ọmọdé. Ẹ má tẹnu mọ́ ọn lójú ọ̀nà pé “kò ní dùn ẹ́ o”, torí kò tíì ronú kan ìrora tẹ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù dókítà eyín, ọmọ á rí i lójú rẹ̀. Bàbá, tàbí àǹtí tí ẹ̀rù ò bà, ni kó mú un lọ.