Lẹ́tà Ara Danfo àti Oyè PhD: Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ìwádìí Nínú Iṣẹ́ Dìsáìn?

Ẹni tó bá jáde láti Mende l'Ékòó lówùúrọ̀, tó dúró de ọkọ̀ Yaba ní Maryland, yóò ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé. Àdúrà, òwe, ìkìlọ̀ fún ọ̀tá: gbogbo rẹ̀ ló wà lára danfo, lẹ́tà tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi abẹ gé lára sítíkà. Ojoojúmọ́ là ń rí wọn, a kì í sì í bi wọ́n ní nǹkan kan. Ṣèyí Olúsanyà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fọ́ǹtì, bi wọ́n. Wọ́n wo àwọn lẹ́tà náà fínnífínní, wọ́n sì ṣe fọ́ǹtì kan jáde láti ara wọn. Danfo lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Google Fonts.

Iṣẹ́ yìí ni mo máa ń rántí tí ọ̀dọ́ kan bá bi mí bóyá kí òun lọ ṣe másítà tàbí PhD nínú dìsáìn. Másítà kan wà tó jẹ́ pé kíláàsì ni, níbi tí ọwọ́ ẹni ti máa ń já fáfá sí i. Èkejì, èyí tó ń lọ sí MPhil àti PhD, ìbéèrè ló ń gbéni débẹ̀. Kíláàsì kò pọ̀. Ẹ̀yin àti olùdarí yín lẹ máa wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí wọ́n sì máa bi yín nígbẹ̀yìn ni pé: kí la mọ̀ báyìí tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹni tó kàn fẹ́ kí lógò òun dára sí i, kó má lọ. Owó àti ọdún rẹ̀ ló máa ṣòfò.

Ìwádìí nínú dìsáìn kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1962 ni wọ́n ṣe àpérò ní London lórí ọ̀nà tí à ń gbà ṣe dìsáìn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Design Research Society sílẹ̀ ní 1966. Láàárín àsìkò yẹn, Bruce Archer, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Royal College of Art, ń ṣiṣẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Òun àtàwọn tó bá a ṣe é wo ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi bẹ́ẹ̀dì ṣe, wọ́n ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n gbé e wọ wọ́ọ̀dù láti dán an wò. Ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pè ní King's Fund ti wá, tí ilé ìwòsàn Britain lò káàkiri.

Nílé níbí, àwọn olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní 1989, Moyọ̀ Òkédìjí wà lára wọn. Bọ́lájí Campbell, tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, tọ àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà lọ; ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ wọn, Painting for the Gods, jáde ní 2008.

Ìbéèrè ìwádìí tó ká mi lára jù ni ti àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: baálé, irin oko, danfo, ohun ìjà. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, á ní nọ́ńbà tirẹ̀, è ní tirẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà la máa kọ́kọ́ tẹ̀, ká tó gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí ẹni tó ṣe é kò rò tiwa mọ́ ọn, ibi tó bá wù ú ló ń ju àmì náà sí, àpótí òfìfo ló sì máa ń yọ nígbà mìíràn. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ ìyà yìí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i lórí ìwé ètò ìsìnkú, tí orúkọ olóògbé fọ́ sí wẹ́wẹ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà tó lọ sí másítà tàbí PhD kò tẹ́jú. Yaba Tech, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ti kọ́ dìsáínà púpọ̀ l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní HND, PGD ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa máa kọ́kọ́ ní kó lọ ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ másítà. Ìrẹ́jẹ ni mo ka èyí sí, àgàgà fún ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka Industrial Design wà ní Zaria àti ní FUTA Àkúrẹ́. Ní England, Yunifásítì Reading ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ pé lẹ́tà àti ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá ilé ẹ̀kọ́, ẹ wá olùkọ́ tí ìbéèrè yín ń jẹ lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká ní ti àmì ohùn lẹ mú. Ẹ mú ìwé ìlò oògùn kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́nà mẹ́ta ní Ṣómólú: ọ̀kan láìsí àmì, ọ̀kan nínú fọ́ǹtì tó wọ́pọ̀, ọ̀kan nínú fọ́ǹtì tẹ́ ẹ ṣe fúnra yín. Ẹ gba ìyọ̀ǹda, kẹ́ ẹ sì fún àwọn àgbà Mende kà. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ sílẹ̀, ẹ padà lọ tún lẹ́tà náà gé, ẹ tún gbé e wá. Ọjọ́ tí ìyá àgbà kan bá kà á délẹ̀ láìdúró, ẹ wọn bí àmì náà ṣe ga tó lórí lẹ́tà, àti bó ṣe nípọn tó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.