Kí A Tó Da Kọnkéré Bo Ọgbà: Ìṣirò Kan fún Àwọn Ará Wa ní Goresbrook

Lójú-ewé ọrọ̀ ajé yìí, owó-orí, owó ìfẹ̀yìntì àti bí a ṣe ń yáwó ra ilé la sábà máa ń sọ. Lónìí, ilẹ̀ iwájú ilé àti ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajé. Ohun ìní ni ilẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ohun ìní rẹ̀ ń mówó wọlé tàbí ó ń kó gbèsè bá a.

Bí ẹ bá rìn káàkiri àwọn òpópónà Goresbrook láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí i fúnra yín: ilé kan, kọnkéré; ilé kejì, kọnkéré; ilé kẹta, koríko oníke. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà, ilé tiwa ni. Èmi gan-an wà lára wọn. Ọdún tí mo ra mọ́tò kejì, mo pe àwọn birikìlà wá. Wọ́n hú gbogbo igi tí mo bá níwájú ilé, wọ́n sì da kọnkéré bo ilẹ̀ látẹnu ọ̀nà dé etí títì. Ó mọ́, ó sì dán. Inú mi dùn pé mo bọ́ lọ́wọ́ gígé koríko.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, omi kò ríbi wọ̀. Ó ṣàn kọjá sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò mi, ìyá àgbàlagbà kan tó ti ń gbé ládùúgbò náà tipẹ́ kí n tó dé. Nígbà tí òjò dá, ó wá kan ilẹ̀kùn mi. Kò bú mi, kò pariwo. Ohun tó bi mí kò ju pé: "Níbo lo fẹ́ kí omi náà gbà lọ?" Mo ti ń ṣírò owó fún àwọn ẹlòmíràn láti ọdún tó pẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí ìdáhùn fún un. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí.

ILẸ̀ TÍ A JOGÚN

Ara Becontree ni Goresbrook wà, àdúgbò ilé tí London County Council kọ́ láàárín 1921 sí 1935. Ilé bí 26,000 ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, kò sì sí àdúgbò ilé ìjọba tó tóbi tó o lágbàáyé nígbà náà. Àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú yàrá kótópó ní East End ni wọ́n kó wá. Ọgbà wà mọ́ ilé náà, níwájú àti lẹ́yìn. Àṣẹ sì wà fún ayálégbé pé kí ó tọ́jú ọgbà rẹ̀, kódà wọ́n ń ṣe ìdíje ọgbà tó dára jù. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọgbà rí láyé wọn. Ara wọn ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn òfin ilé gbígbé ti 1980, tó fún ayálégbé láǹfààní láti ra ilé káńsù, ọ̀pọ̀ ilé bọ́ sọ́wọ́ onílé. Mọ́tò pọ̀ sí i, ọgbà sì ń dín kù. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ìwádìí tí London Wildlife Trust gbé jáde nípa àwọn ọgbà ilé Lọndọn fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí 2008, ewéko tó ń pòórá nínú ọgbà ilé lọ́dọọdún tó ìlọ́po méjì àbọ̀ Hyde Park.

ÌṢIRÒ OMI

Ẹ jẹ́ kí a mú bírò. Bí iwájú ilé bá gùn ní mítà 6, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 5, mítà onígun mẹ́rin 30 nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 30, lítà 900 ni omi tó bọ́ sórí ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ tó ní ewéko àti ekòló á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Kọnkéré kì í mu nǹkan kan. Ẹ fi ilé ogún tàbí ọgbọ̀n tó wà ní òpópónà kan ṣe é, kí ẹ wá wo iye tó ń já sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń lọ sínú àwọn odò kékeré bíi Gores Brook tí àdúgbò wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Òjò tó ń rọ̀ kò bá ẹnì kankan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 2021, òjò rọ̀ ní Lọndọn débi pé omi wọ ilé ìwòsàn Whipps Cross àti ti Newham, tí kò jìnnà sí wa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2022, ooru kọjá ìwọ̀n 40 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́, iná sì jó àwọn ilé ní Wennington, abúlé tí kò jìnnà sí Dagenham. Kọnkéré kò gba omi lásìkò òjò, ó sì ń pa ooru mọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko oníke náà ń gbóná nínú oòrùn, kòkòrò oyin kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀, tó bá sì gbó, pàǹtí ni.

Òfin náà wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2008, ẹni tó bá fẹ́ da ohun tí omi kò lè gbà kọjá sórí ilẹ̀ iwájú ilé tó ju mítà onígun mẹ́rin 5 lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìkọ́lé, àfi bí omi náà bá máa ṣàn sínú ilẹ̀ inú ọgbà rẹ̀. Bí ohun tí a fi tẹ́ ẹ bá ń gba omi kọjá, irú bí òkúta wẹ́wẹ́, kò sí wàhálà àṣẹ yẹn. Láti gé etí títì kí mọ́tò lè gòkè, àṣẹ mìíràn ni, ọwọ́ káńsù ló wà. Ayálégbé gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ó tó hú ohunkóhun.

Ẹni tó ní mọ́tò kò níláti fi gbogbo ilẹ̀ fún un. Ipa táyà méjì péré ni mọ́tò ń tẹ̀. Ẹ tẹ́ ibi táyà, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín, ẹ sì gbin ewéko kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

ÀGBÁ OMI ÀTI ÀÀTÀN

Nílé, ta ni kì í gbé àgbá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀? Kí ló dé tí a fi gbàgbé rẹ̀ níbí, níbi tí a ti ń sanwó omi? Òjò Lọndọn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 600 lọ́dún. Bí ìdajì òrùlé yín bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 25, omi bíi lítà 15,000 ló ń bọ́ sórí rẹ̀ lọ́dún. Òjò mìlímítà 8 péré ti tó kún àgbá lítà 200. Ẹ dé e lórí dáadáa, nítorí ẹ̀fọn àti nítorí àwọn ọmọ kéékèèké.

Ẹ rántí ààtàn ẹ̀yìnkùlé ìyá wa àgbà. Ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ ti ń hù fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó gbìn ín. Ajílẹ̀ tí a ń fowó rà nínú ọ̀rá níbí, ohun kan náà ni. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹyin, ewé tíì àti páálí tí a fà ya, ẹ kó wọn jọ sínú àpótí kan ní kọ̀rọ̀ ọgbà. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó ti di ilẹ̀ dúdú. Ẹ má ṣe da ẹran tàbí oúnjẹ sísè sí i, kí eku má bàa wá.

OHUN TÍ ILẸ̀ YÌÍ Ń HÙ

Iṣu kò ní ta níbí, ẹ má tan ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń ṣe dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbìn ín síta lẹ́yìn àárín oṣù Karùn-ún, nígbà tí ìrì dídì ti lọ. Ẹ fọ́n irúgbìn rẹ̀ sókè ilẹ̀, ẹ má rì í jìn. Bí ó bá ti gùn díẹ̀, ẹ máa já orí rẹ̀ kí ó lè yọ ẹ̀ka. Ìgbín tí kò ní karahun ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ lálẹ́. Ewédú fẹ́ ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ilé onígíláàsì ló ti dára jù. Ata rodo, ẹ ti gbìn ín sínú ìkòkò lójú fèrèsé láti oṣù Kejì tàbí Ìkẹta. Elégédé rọrùn púpọ̀, a sì ń jẹ ewé rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú mọ ẹ̀fọ́ wọ̀nyí. Callaloo ni àwọn ará Jàmáíkà ń pe tẹ̀tẹ̀. Àwọn ará Bangladesh ń jẹ ewédú, pat shak ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń wá irúgbìn, kí ó kọ́kọ́ béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ẹ má ṣe kó irúgbìn sínú àpótí láti Nàìjíríà láìní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Òfin ibodè kò gbà á láyè.

IBI TÍ A TI LÈ KỌ́ Ọ PAPỌ̀

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá a kọ́. Ní 2012, Growing Communities, ẹgbẹ́ kan láti Hackney, bẹ̀rẹ̀ Dagenham Farm lórí ilẹ̀ tí káńsù ti fi ń tọ́jú òdòdó tẹ́lẹ̀, àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọ̀gbìn níbẹ̀.

Òfin 1908 lórí ilẹ̀ oko kékeré, èyí tí a mọ̀ sí allotment, sì tún ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ wa. Bí ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò tàbí tí wọ́n ń san owó-orí káńsù bá jọ kọ̀wé, káńsù gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò. Bí ó bá rí i pé àìní náà wà, ó di dandan kí ó pèsè ilẹ̀. Òfin yìí kò kan àwọn káńsù àárín gbùngbùn Lọndọn, ṣùgbọ́n ó kan Barking and Dagenham. Ìwọ̀n ilẹ̀ kan ní pípé jẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 250. Ẹ rántí pé oúnjẹ ìdílé ni ilẹ̀ náà wà fún, kì í ṣe òwò.

Ènìyàn mẹ́fà péré! Ìpàdé wa kan kì í ní ènìyàn tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Àbá mi ni pé ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí a kọ orúkọ àwọn tó bá fẹ́ sílẹ̀, kí ìwé lọ bá káńsù. Kí àwọn ìyá wa tó mọ iṣẹ́ oko máa kọ́ àwọn ọmọ tí a bí síbí. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, wọn kò sì mọ bí ó ṣe ń hù.

Ní tèmi, mo ti fọ́ ìdajì kọnkéré náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó: mo sanwó kí wọ́n tó dà á, mo sì tún sanwó kí wọ́n tó kó o kúrò. Kò sí oníṣirò owó tó lè pe ìyẹn ní èrè. Mọ́tò kan ti lọ, àgbá omi wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, tẹ̀tẹ̀ sì wà níbi tí omi ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo já àkọ́kọ́, mo gbé díẹ̀ lọ fún ìyá tó bi mí léèrè. Ó ní kí ni wọ́n ń pè é. Mo sọ fún un, mo sì ṣàlàyé bí a ṣe ń sè é.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí olúkúlùkù yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí kò ju mítà kan lọ. Kí ẹ tó pe birikìlà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè ìyá yẹn. Ire o.