Ọ̀mọ̀wé tó fẹ̀yìntì tí wọ́n tún fún ní yàrá ìwádìí

Ẹ̀yin òbí wa, oògùn ivermectin kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn elétò ìlera bá dé abúlé, wọ́n á fi ọ̀pá wọn gíga olúkúlùkù, wọ́n á sì ka hóró tó tọ́ sí i fún un. Ó ń dènà àrùn afọ́jú tí kòkòrò dúdú kékeré, tí ń buni jẹ lẹ́bàá odò tó ń ṣàn, máa ń kó ranni.

William Campbell, ọmọ Ireland, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ oògùn náà. Ó lo ọdún 33 ní ilé-iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà. Oògùn aràn ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ fi ivermectin ṣe, kó tó di ti èèyàn. Ní 1987, Merck kéde pé àwọn yóò máa fi tọrẹ fún àrùn afọ́jú yìí.

Campbell fẹ̀yìntì ní 1990, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Níbi púpọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí: wọ́n á se jọ́lọ́ọ̀fù, wọ́n á fún bàbá ní aago ara ògiri, ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Drew ní New Jersey ní ètò kan fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìntì, RISE lorúkọ rẹ̀. Wọ́n gba Campbell síbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ sì ń kọ́ iṣẹ́ ìwádìí aràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó di 2010 kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 2015, ó ti pé ẹni ọdún 85.

Lójú tiwa, yàrá ìwádìí yẹn ju ẹgbẹ̀rún aago lọ. Ìwé kò lè kọ́ ọmọ ní gbogbo ohun tí ojú àgbà ti rí nínú maikirosíkóòpù.

Àrùn yìí gan-an ń fẹ́ ẹni tí kì í tètè kúrò nídìí iṣẹ́. Ivermectin ń pa àwọn ọmọ aràn, ṣùgbọ́n kì í sábà pa ìyá wọn, tó lè gbé lára èèyàn ju ọdún 10 lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé oògùn padà wá lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ fún wọn pé ẹ ti lò ó léṣìí. Àwọn tí kò ní lò ó ni aláboyún, ìyá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bímọ, ọmọ tí kò ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà, àti ẹni tí àìsàn dá wólẹ̀.