Ẹ̀tọ́ Ọmọ Màálù Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Sìn Ín

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá ẹran ọ̀sìn, tó sì fi oríṣiríṣi àǹfààní sí ara wọn fún ọmọ ènìyàn. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, gbogbo wa la mọ ìtàn Ànábì Ibrahim (AS) àti àwọn àlejò rẹ̀. Nígbà tí àwọn máláíkà wọlé tọ̀ ọ́ ní àwọ̀ ènìyàn, ọmọ màálù tó sanra ló fi ṣe wọ́n lálejò. Ìtàn náà wà nínú Súrátù Hud àti Súrátù Dháríyátì. Bí a bá ń kà á fún àwọn ọmọ, orí ìtọ́jú àlejò la sábà máa ń dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun kan: ta ló sin ọmọ màálù náà títí tó fi sanra? Ẹran kì í sanra lọ́jọ́ tí àlejò dé.

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Lotto lọ sí Èkó yóò kọjá lára ọjà Kára ní Isheri, létí odò Ògùn. Màálù ibẹ̀ kò lóǹkà, òkè Ọya sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. Àgbà màálù là ń rí níbẹ̀, a kì í rí ìgbà èwe wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi rò pé kí èèyàn ṣáà ra abo màálù kan, kí ó so ó mọ́lẹ̀, kí ó máa retí ọmọ, ó tán. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà kan, àwa díẹ̀ dá owó jọ, a ra abo màálù tó lóyún. Ó bí, inú wa dùn, a sì ń fún wàrà rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ pé owó ti ń wọlé. Kí ó tó pé oṣù kan, ọmọ náà rù, ó ń ṣu omi, ó sì kú. Àwọn kan ní aráyé ló pa á. Irọ́ ni. Ebi ló pa á, ọwọ́ wa sì ni ebi náà ti wá. Ohun tí a kọ́ lẹ́yìn náà la fẹ́ sọ fún yín.

Ó yẹ kí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó wà nínú kéwú. Imam Ahmad gbà á wá nínú Musnad pé Sàábé kan tí ń jẹ́ Sawádah ọmọ Rabíì wá sọ́dọ̀ Ànábì (SAW), Ànábì sì ní kí wọ́n fún un ní ràkúnmí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé bí ó bá délé, kí ó pa á láṣẹ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ́ àwọn ọmọ ẹran wọn dáadáa, kí wọ́n sì máa gé èékánná wọn, kí wọ́n má baà fi ṣe ọmú ẹran léṣe bí wọ́n bá ń fún wàrà. A ti wá rí i pé ẹ̀tọ́ ni oúnjẹ ọmọ ẹran, kì í ṣe àánú tí a ń ṣe é.

1. Ọjọ́ kìíní

Wàrà tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́yìn ìbímọ máa ń ki, ó sì máa ń pọ́n bí ẹyin. Àwọn mìíràn a máa fún un dànù pé kò dára. Àṣìṣe ńlá ni. Ọmọ ènìyàn máa ń gba ohun tí ń gbógun ti àrùn lára ìyá rẹ̀ kí a tó bí i, ṣùgbọ́n ọmọ màálù kì í rí i gbà nínú oyún. Inú wàrà àkọ́kọ́ yẹn ni Ọlọ́hun fi tirẹ̀ sí. Wákàtí díẹ̀ sì ni ìfun rẹ̀ fi ń ṣí sílẹ̀ láti gbà á. Bí wákàtí 24 bá ti kọjá, ilẹ̀kùn náà ti tì. Nítorí náà, kí ọmọ ti mu ún láàárín wákàtí 2 sí 6. Ọmọ màálù Fúlàní tó wọn kìlò 20 sí 25 yẹ kí ó mu tó lítà 2 nígbà náà, kí ó sì tún mu òmíràn kí wákàtí 12 tó pé. Bí kò bá lè dìde, ẹ gbé e dìde, kí ẹ fi orí ọmú sí i lẹ́nu. Ẹ fi ayodíìnì pa ìwọ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àrùn ń gbà wọlé.

2. Ìpín rẹ̀ nínú wàrà

Wàrà tí ọmọ nílò lójúmọ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Èyí tó wọn kìlò 25 yóò mu bíi lítà 2 ààbọ̀. Abo màálù tó ń jẹ koríko nìkan kì í ní wàrà púpọ̀. Ohun tí a bá fún sínú igbá, ẹnu ọmọ la ti yọ ọ́. Àwọn Fúlàní mọ èyí dáadáa. Wọn a jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mu kí wàrà lè sọ̀, wọn a so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, wọn a fún díẹ̀, wọn a sì tú u sílẹ̀ kí ó mu ìyókù.

Láti ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe mílíìkì Peak, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ríra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè bíi Fáṣọlá àti Ìṣẹ́yìn. Owó tí ń wọlé lójoojúmọ́ dára, ṣùgbọ́n òun náà ló lè mú kí ọwọ́ ẹni wọ ìpín ọmọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fún wàrà rárá ní oṣù kìíní. Lẹ́yìn náà, nínú orí ọmú mẹ́rin, ẹ fún méjì lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ẹ fi méjì sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

3. Koríko àti omi

Ikùn màálù pín sí mẹ́rin. Èyí tó tóbi jù, tí koríko ń dà sí, kò tíì ṣiṣẹ́ nígbà tí a bí ọmọ. Oúnjẹ tó le díẹ̀ ló ń jí i. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ gbé ọ̀mùnú koríko síwájú rẹ̀, àti ẹ̀kúnwọ́ èérí àgbàdo tí a pò mọ́ kúlíkúlí tí a fọ́. Kí omi mímọ́ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí wàrà kì í rọ́pò omi. Èèpo ẹ̀gẹ́ dára fún èyí tó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ sá a gbẹ, nítorí májèlé wà nínú tútù. Ẹ má já a lẹ́nu ọmú kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì rí i pé ó ń jẹ koríko yó.

Láti ọdún 2021 ni ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní òfin tó de dída ẹran káàkiri. Ní àdúgbò wa tí ilẹ̀ ń di ilé lójoojúmọ́, ọgbà la ó ti sìn ín, a ó sì máa gé èésún àti ewé ẹ̀pà wá bá a. Ẹni tí kò bá ní ẹni tí yóò máa gé koríko, kí ó má tíì ra màálù.

4. Ilé àti àrùn

Kí ibùsùn rẹ̀ gbẹ, pàápàá nígbà òjò. Ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru, òun ló sì ń pa ọmọ màálù jù. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má gba wàrà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà bí èyí tí a ń fún ọmọdé, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ máa já eégbọn lára rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní oògùn aràn. Yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1988 kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ní àwọn dókítà ẹran níbẹ̀. Ẹ má sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti ọdún 1924, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló sì jẹ́ kí gbogbo ayé lè kéde ní ọdún 2011 pé àjàkálẹ̀ àrùn màálù tí wọ́n ń pè ní rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá.

5. Ẹ̀sìn wa ń retí rẹ̀

Màálù Iléyá gbọ́dọ̀ pé ọdún méjì, ènìyàn méje sì lè pín in. Èyí tó yarọ, tó fọ́jú kan, tó ń ṣàìsàn tàbí tó rù kan egungun kò tọ́. Ọmọ tí a bá fi wàrà dù lónìí ni yóò rù lọ́jọ́ náà. Nínú sàká, ẹni tó bá ní ọgbọ̀n màálù yóò yọ ọmọ ọlọ́dún kan tí Lárúbáwá ń pè ní tabíì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “èyí tó ń tẹ̀lé”, nítorí pé ó ṣì ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tiwa náà rí ìyá tẹ̀lé, kí ó sì rí nǹkan mu lára rẹ̀.

Àwọn àgbà ní màálù tí kò nírù, Ọlọ́hun ní í bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ wa, àwa ni Ọlọ́hun yóò bi léèrè rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkàn tí kì í jẹ ẹ̀tọ́ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kí ó sì fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.