Bọ́ọ̀dù Tó Kú àti Wáráǹtì Tó Wà Lórí Rẹ̀

Nínú gbogbo àrùn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ní agbègbè wa yìí, láti Ìpògún dé Ìlárá-Mọ̀kín tí Yunifásítì Elizade fìdí kalẹ̀ sí, títí wọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn tí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti ọdún 1981, kò sí èyí tí í já ènìyàn láyà tó kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbójú sókè kí ó ní, "Bọ́ọ̀dù ló lọ." Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá ti gbọ́ èyí, ojú a kán wọn, wọn a ní kí ó tú u, kí ó ṣe é bí ó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró, nítorí pé ọwọ́ tí ó bá kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀dù ni ó sábà máa ń pinnu àpò tí owó àtúnṣe yóò ti jáde.

Bọ́ọ̀dù ni ààfin tí gbogbo ìránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà gbọdọ̀ gbà kọjá: orí rẹ̀ ni processor tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, mẹ́mórì, kíbọ́ọ̀dù àti ojú ẹ̀rọ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lórí ọ̀nà bàbà tín-ín-rín tí a tẹ́ ní ìpele-ìpele sínú pátákó pẹlẹbẹ kan. Ìrìn iná inú rẹ̀ ni ó yẹ kí á tẹjú mọ́ jùlọ. Iná 230 fóltì ni ó ń ti ara ògiri bọ̀. Ṣájà a rọ̀ ọ́ sí nǹkan bí 19. Ṣùgbọ́n processor kò fẹ́ ju nǹkan bí fóltì 1 lọ, nítorí náà ni àwọn ìlẹ̀kùn iná kéékèèké tí à ń pè ní mọ́sífẹ́ẹ̀tì, tí a tò sí ìtòsí rẹ̀, ṣe ń ṣí, tí wọ́n ń tì, lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wáyà kíká tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ń sọ iná náà di èyí tí ó dúró sójú kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jó, tí kò lè tì mọ́, 19 a rọ́ lu ohun tí kò lè gba ju 1 lọ. Ohun tí ń jó wọn kò sì jìnnà sí wa: iná tí ó ti lọ láti àárọ̀, tí ó wá dé lójijì pẹ̀lú agbára tí ó kọjá ààlà, jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró sójú kan, ayédèrú ṣájà. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni.

Síbẹ̀, ẹ̀bi a máa wà lọ́rùn ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ẹ wo àwọn kapásítọ̀, ègé tí ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, tí ó dúró ṣánṣán lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tí a fín àmì àgbélébùú sí lórí: èyí tí ó yè, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tí ó ti kú, orí rẹ̀ a wú, omi aláwọ̀ ilẹ̀ a sì máa sun nídìí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, irú kapásítọ̀ tí kò dára bẹ́ẹ̀ gba ayé kan, débi pé ní ọdún 2005, ilé iṣẹ́ Dell ní láti ya nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ní ọdún 2008 ni ilé iṣẹ́ Nvidia kéde irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ègé rẹ̀ kan tí ooru ń bàjẹ́, tí HP sì fi kún ọjọ́ wáráǹtì àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí olówó àkọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ni wáráǹtì ti ń ka ọjọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí tòkunbọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté.

Àbùkù tí ẹ̀rọ bá bá wáyé láti ilé iṣẹ́ ni wáráǹtì ń dáhùn fún. Omi tí ó dà sí i, iná tí ó kọjá ààlà, ìṣubú, àti títú tí ẹlòmíràn tú u kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mú irinṣẹ́ ìtúdè, ẹ da ẹ̀rọ dé, ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ẹ óò rí ọjọ́ tí wáráǹtì yóò parí; ẹ wo ibi tí ó ti gbéṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí òmíràn kò gbéṣẹ́ kọjá orílẹ̀-èdè tí a ti ra ẹ̀rọ. Bí wáráǹtì náà bá ṣì wà láàyè, ẹ bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ yín tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé lára àwọn ẹ̀rọ òde òní, ibi ìpamọ́ ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ yín bá a lọ nìyẹn.

Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ kò wà láìní olùgbèjà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ FCCPC ń bójú tó, pàṣẹ pé kí ọjà dára, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì lò pẹ́ tó bí ó ti yẹ. Ó sì pọn ọ́n ní dandan fún ẹni tí ń ta àlòkù tàbí ohun tí a tún ṣe láti kọ ọ́ hàn gbangba sára rẹ̀. Rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè rẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí yóò ṣòro fún ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ibi báyìí ni òun ti ra ọjà.

Bí kò bá wá sí wáráǹtì kankan, ẹ wá oníṣẹ́ tí yóò fi mítà wá ibi tí àwọn ọ̀nà iná ti kan ara wọn lọ́nà tí kò yẹ, tí yóò sì fi hàn yín, kí ó tó gbé ooru kan bọ́ọ̀dù. Pípààrọ̀ mọ́sífẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó jó sábà máa ń dínwó ju bọ́ọ̀dù odindi lọ, ṣùgbọ́n ègé tí wọ́n kàn fi ooru yá lásán kì í pẹ́ padà sí ipò òkú. Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí ó kọ ègé tí ó pààrọ̀ àti iye ọjọ́ tí òun yóò fi dúró tì í sórí rìsíìtì, kí ó sì fi ọwọ́ sí i.